Ọmọ Ẹni Kì Í Burú Títí Ká Fi Fún Ẹkùn Pa Jẹ: Ọgbọ́n Aró àti Ìlú Malété

Láti ọdún 2009 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti dá fásitì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Malété, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ́rò, ni ìlú àgbẹ̀ yìí ti di ìlú tí ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé. Àwọn onílé kọ́ yàrá kún yàrá. Àwọn ọmọ tí a bí ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Ìbàdàn àti ní Èkó wá di ayálégbé láàárín àwọn àgbẹ̀. Ìyá tó wà ní Èkó lè má rí ọmọ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Onílé tó wà ní Malété ló ń rí i láràárọ̀. Kò sí ìlú fásitì kan ní Nàìjíríà tí oògùn olóró kò lè wọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí kò yẹ kó lò, àwọn tí yóò kọ́kọ́ mọ̀ ni onílé, ìyá olóúnjẹ, ọlọ́kadà àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Àwọn òbí ni yóò gbọ́ kẹ́yìn.

Ìbéèrè tó kù ni ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí onílé lé e jáde, kí ilé ẹ̀kọ́ náà sì lé e lọ. Èkejì ni pé kí wọ́n pe agbófinró. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn òbí wá gbé e lóru lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, kí ará àdúgbò má baà gbọ́. Ìdáhùn kẹrin wà, ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti jáde tó fi kan gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìran tó ń tọ́ ọmọ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́. Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1954.

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Nàìjíríà dá ilé àwọn aṣiwèrè sílẹ̀ ní Kálàbá ní 1904, wọ́n sì dá ti Yábàá ní Èkó sílẹ̀ ní 1907. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà tó kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ìjọba ń wá ni pé kí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú má ṣe rìn ní ìgboro. Ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1944 láti gba àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun àgbáyé kejì dé pẹ̀lú ọkàn tó dàrú, ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹbí rẹ̀ a máa kà á mọ́ àwọn tó ti lọ.

Thomas Adéoyè Lámbò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni, 1923 ni a bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà wálé láti ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aró, iṣẹ́ ilé náà kò tíì parí. Dókítà mìíràn ì bá jókòó títí àwọn bíríkìlà yóò fi ṣe tán. Lámbò kò dúró. Ó tọ àwọn àgbààgbà abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn.

Àdéhùn náà kò díjú. Aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí aya, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó. Nígbà tó bá ṣe tán, yóò padà sí abúlé, sáàárín àwọn àgbẹ̀, apẹja àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níwọ̀n agbára rẹ̀, ó ń bá wọn dé ibi ayẹyẹ, ó sì ń gbọ́ èdè tó yé e. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ẹbí ń bẹ̀rù àti ohun tí ẹbí gbà gbọ́.

Àwọn ará abúlé náà kò ṣe é lásán. Owó háyà ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti tún ilé ṣe àti láti kọ́ yàrá kún èyí tó wà. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n sì ṣètò ìmọ́tótó àti pípa ẹ̀fọn. Àǹfààní aláìsàn àti àǹfààní onílé wá di ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nínú ìtàn Aró nìyí. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú un dúró. Ètò ló mú un dúró, ètò tí olúkúlùkù mọ ohun tí yóò mú wá àti ohun tí yóò rí gbà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ní ohun tó jọ ọ́. Ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ń gba alárùn ọpọlọ sínú ilé ẹbí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Geel, àlejò ni aláìsàn jẹ́ nínú ilé tó gbà á. Ní Aró, ẹbí tirẹ̀ ló bá a wá, òun náà ni yóò sì bá a padà sílé. Nígbà tó máa fi di 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà ti pé jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àpérò irú èyí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Lámbò fúnra rẹ̀ di gíwá Fásitì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, títí di 1988. Ó kú ní 2004.

Òótọ́ ni pé àwọn tí orí wọn dàrú ni Lámbò dá ètò náà sílẹ̀ fún, kì í ṣe àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan náà. Àlàyé tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òpìtàn ni pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó jà ní ìhà Íńdíà àti Bọ́mà padà dé. Ní 1964, Dókítà Tọ́lání Àsúnì, tó gba iṣẹ́ Aró lọ́wọ́ Lámbò, kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró nípa igbó àti àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Lámbò kọ tirẹ̀ sínú ìwé kan náà ní 1965, lórí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lójú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ àwùjọ ni. Ohun tí dókítà ń rí ni ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tó sì ti jìnnà sí ilé.

Ojú mìíràn ni ìjọba fi wò ó. Ní 1966, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìfipágbàjọba àkọ́kọ́, ìjọba ológun Ironsi gbé òfin igbó jáde. Ẹni tó bá gbin igbó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán. Ẹni tó bá mu ún náà, ẹ̀wọ̀n gígùn ń dúró dè é. Ọdún 1975 ni wọ́n tó dẹ òfin náà lọ́rùn. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin Ológun 20 jáde, ó tún fi ikú sí i, òfin náà sì padà sẹ́yìn láti mú àwọn tó ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin yìí, láìka ẹ̀bẹ̀ tó ń wá láti ilé àti òkèèrè sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yí ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n pa kì í ṣe ẹni tó ń lo oògùn. Ẹ̀sùn òwò oògùn ni wọ́n fi kàn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀rù tí ìbọn náà dá kò mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Ó wọ inú ilé gbogbo. Láti ìgbà náà ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mu igbó ti mọ̀ pé bí òun bá ké gbàjarè, agbófinró lè dé kí dókítà tó dé. Ó pa ẹnu mọ́. Bí ìyá bá sì ti pa ẹnu mọ́, àìsàn ń jinlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo òfin wọ̀nyí, ǹjẹ́ lílo oògùn dínkù? Ìwádìí tí àjọ UNODC àti ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, dáhùn. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64, mílíọ̀nù 14.3 ló ti lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti gbogbo àgbáyé jẹ́ 5.6. Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá, ló ga jù, ó jẹ́ 22.4. Ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ń lò ó jẹ́ obìnrin. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti le jù, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá sọ pé àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i gbà. Ẹ̀rù ohun tí ènìyàn yóò sọ wà lára ohun tó dí wọn lọ́nà, àìtó ibùdó àti owó ìtọ́jú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ wọ inú ìròyìn ní 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí BBC fi fíìmù ìwádìí kan hàn lórí oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Láàárín oṣù yẹn, NAFDAC ti ilé iṣẹ́ apòògùn mẹ́ta pa fún ìgbà díẹ̀. Méjì nínú wọn wà ní Ìlọrin. Oògùn tí ọ̀pọ̀ òbí rò pé láti òkèèrè ló ti ń wá, ìlú tí wọ́n ń gbà kọjá lọ sí Malété ló ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé òfin náà kò tó nǹkan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọjà, wọn kò sì ṣí ilẹ̀kùn ìtọ́jú sí i. Ẹni tí kódíìnì ti di bárakú fún kò jí ní ọjọ́ kejì kó sì gbàgbé rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé rí ibi tí àwọn òbí ń gbé ọmọ lọ. Ní ìdajì kejì ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ní Kàdúná, ní Katsina àti ní Ọ̀jọ́ọ̀ nílùú Ìbàdàn. Wọ́n bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn níbẹ̀, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹbí ló fi púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀, wọ́n sì ń sanwó. Ó rọrùn láti bú àwọn òbí wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ṣẹ̀wọ̀n, tí kò lówó ilé ìwòsàn ńlá, tí àdúgbò rẹ̀ kò sì fẹ́ rí ọmọ náà mọ́, níbo ni kó gbé e lọ? Lántòrò ti 1944 ló padà wá, ẹni aládàáni ló ń ṣe é.

Òfin ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2014, ìgbìmọ̀ kan tí Kofi Annan kó jọ lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe alága rẹ̀, sọ gbangba pé ẹni tó ń lo oògùn nílò ìtọ́jú, kò nílò ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari, ẹni kan náà tí ìjọba rẹ̀ gbé òfin 1984 jáde, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àwọn aṣiwèrè ti 1958. Òfin tuntun náà fún alárùn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ó sì fẹ́ kí ó padà sínú àwùjọ. Àwùjọ wo ni yóò padà sí? Ìwé òfin kò lè dáhùn ìyẹn fún wa.

Àwọn kan lè béèrè pé, bí Aró bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò tàn káàkiri? Ìdáhùn wà. Abẹ́òkúta di olú ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, ìlú sì fẹ̀ dé ibi tó jẹ́ abúlé. Ìyá tí ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó máa se ọbẹ̀ fún aláìsàn. Oògùn olóró tún ní ìṣòro tirẹ̀: ẹni tó ń tà á lè jẹ́ aládùúgbò ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀. Aró tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé kalẹ̀ bó ṣe rí ní 1954 kò ní í dúró lónìí. Ohun tó ṣe é gbé ni ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀: dókítà fún ara, ilé fún ẹni náà, ẹbí kan tí kò ní í fi í sílẹ̀, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, àti àǹfààní fún ìlú tó gbà á.

Bí a bá wo Malété pẹ̀lú ojú yìí, a ó rí i pé ó jọ àwọn abúlé Aró ju bí àwọn ará ibẹ̀ ti rò lọ. Onílé wà tó ń gba àlejò sí yàrá. Oko wà, àní oko ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Fásitì wà níbẹ̀ tó pe ara rẹ̀ ní fásitì ìdàgbàsókè àwùjọ. Ìlọrin kò jìnnà, níbi tí àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ìlọrin. Ààfáà wà, pásítọ̀ wà, baálẹ̀ wà. Ohun tó kù ni kí àwọn wọ̀nyí bá ara wọn ṣe àdéhùn, gẹ́gẹ́ bí Lámbò ti bá àwọn àgbààgbà Aró ṣe é.

Dókítà ni yóò ṣáájú nínú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, bí ó bá ṣíwọ́ lójijì láìsí ìtọ́jú, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Dídè mọ́lẹ̀ láìjẹun, láìgba oògùn, ìpànìyàn ni bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀ ni iṣẹ́ tó gùn jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oṣù àti ọdún tí ẹni náà yóò máa gbé láàárín ènìyàn láìpadà sí ohun tó fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò padà ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, àwọn dókítà sì mọ èyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru a máa padà ga. Níbí ni onílé ti wúlò ju ọlọ́pàá lọ, nítorí pé ó lè tètè rí i, ó sì lè tètè pe ẹni tó yẹ. Níbí náà ni ẹni tó ti borí bárakú rẹ̀ ti wúlò ju olùkọ́ lọ. Ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ní 1935, ọ̀mùtí méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà, rí i pé bí àwọn bá ń bá ara àwọn sọ̀rọ̀, àwọn lè gbé ọjọ́ kan láìmu ọtí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, tó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí. Yàrá kan àti àga mélòó kan ni ohun tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nílò.

Fásitì náà ní ipa tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní ìjìyà nìkan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo oògùn ti sọ fún un pé kí ó fi pamọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé òun lè tọ ẹnì kan lọ láìpàdánù ẹ̀kọ́ òun, pé òun lè gba ìsinmi fún ìtọ́jú kí òun sì padà wá jókòó sí kíláàsì, yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré. Oníṣòwò oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ NDLEA ni. Bí a bá fi òfin kan náà mú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń ṣàìsàn, àwọn méjèèjì yóò jọ sá wọ inú òkùnkùn kan náà, ibẹ̀ sì ni oníṣòwò ti lágbára jù.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Láti 1966 ni Nàìjíríà ti ń fi ọwọ́ òsì na àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mílíọ̀nù 14.3 sì ni iye tí ìwádìí rí lẹ́yìn àádọ́ta ọdún àti díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò sọnù. Àwọn àgbẹ̀ Aró nà án ní 1954, pẹ̀lú yàrá háyà àti omi ẹ̀rọ, fún àwọn àlejò tí ìgboro ń sá fún. Àwọn onílé Malété ti ń gba àlejò sílé ní tiwọn. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń sùn nínú yàrá wọn lálaalẹ́.